Ọgọ́ta Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta Lọ́jọ́ Ajé

Ẹni tó bá ti pẹ́ l'Ékòó á mọ̀ pé ọjọ́ orí méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní níbí. Ọ̀kan wà fún ilé, ọ̀kan wà fún ọ́físì. Ti ilé ni wọ́n fi ń gba ìkíni àgbà, ti ọ́físì ni wọ́n fi ń gba owó oṣù. Ẹnikẹ́ni kì í sì pè é ní irọ́. Ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn gan-an ló ń bí èèyàn nínú, torí irọ́ tó bá ti lè gba orúkọ ọgbọ́n, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé àga iwájú fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Tẹ́ní náà ní méjì. Ọdúnayọ̀ lorúkọ àbísọ rẹ̀, torí àárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1964 ni ìyá rẹ̀ bí i ní Ìkéré-Èkìtì, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lọ́wọ́. Jákáńdè ní Ìsọlọ̀ lòun àti ọkọ rẹ̀, Olúbọ̀wálé, ń gbé, tíṣà ni ọkọ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń wojú Rẹ̀. Ìyẹn ni Tẹ́ní, tó ku ọdún méjì kó jáde ní yunifásítì. Owó oṣù Ìyá Tẹ́ní ni wọ́n fi ń sanwó ilé ìwé rẹ̀.

Yàrá fáìlì ọ́físì ìjọba kan lápá Òṣòdì ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Látorí ọ̀gá dórí ẹni tó ń gbálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé gbogbo wọn wà. Nígbà kan, ọkùnrin kan gbé odidi páálí bisikíìtì wá fún un, ó ní kó bá òun fa ìwé kan ya nínú fáìlì òun. Ìyá Tẹ́ní gbé páálí náà tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó gbé e kà á lórí níṣojú gbogbo ayé, ó ní kó gbé e lọ fáwọn ọmọ ẹ̀ nílé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Mama Holy. Ó gbádùn orúkọ náà díẹ̀, ká má purọ́.

Bẹ́ẹ̀, fáìlì tirẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, irọ́ sì ni ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dún 1993 tó ń wáṣẹ́, ẹni tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ ni wọ́n ń fẹ́. Òun ti pé méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó gbé e wá sí Èkó kò tiẹ̀ bi í léèrè. Ó gba kóòtù lọ, ó búra níwájú akọ̀wé pé ojú òun báyìí ni wọ́n ṣe bí ọmọ náà lọ́dún 1968, ó sì mú ìwé náà bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá Tẹ́ní máa ń tu ara rẹ̀ nínú pé òun kọ́ lòun búra. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba sì gbé NIN dé, tí gbogbo ìlú ń tò láti gba nọ́ńbà, ọ̀gá wọn pe àwọn òṣìṣẹ́ inú ọ́físì jọ, ó rọra sọ fún wọn pé kí kálukú rí i pé ọjọ́ orí tó máa sọ níbẹ̀ bá ti inú fáìlì rẹ̀ mu. Ìyá Tẹ́ní tò ní Ìsọlọ̀ láti àárọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ọmọ náà bi í ní ọdún tí wọ́n bí i, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé 1968. Kò sí ẹ̀gbọ́n bàbá kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá tó fún wọn nímọ̀ràn yìí, Fọlárìn lorúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lòun àti Ìyá Tẹ́ní ń lọ ní Máfolúkù. Alàgbà ni níbẹ̀, òun ló máa ń ka Bíbélì tó bá di ọjọ́ ọdún. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀ṣì bá a dúpẹ́ pé ó pé ọgọ́ta ọdún. Bánà tó gbé síwájú ṣọ́ọ̀ṣì ga ju òrùlé lọ. Ní ọ́físì lónìí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀! Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé ọgọ́ta lórí lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọba sì sanwó fún mẹ́rìnléláàádọ́ta lọ́jọ́ Ajé. Orí kan náà ni o, fìlà kan náà. Gbogbo ìjọ mọ̀, torí ìdajì wọn ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìdajì yòókù sì ní òṣìṣẹ́ ìjọba tiwọn nílé.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọ̀rọ̀ kan Ìyá Tẹ́ní. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ jókòó lẹ́yìn ìsìn, olórí wọn, Ìyá Tóbi, sì dìde.

"Mama Tẹ́ní wa máa pé ọgọ́ta lọ́jọ́ Kérésì," ó ní. "Sixty years kì í ṣe eré o. Sunday tó tẹ̀ lé e la máa dúpẹ́."

Alàgbà Fọlárìn tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni mo máa ra bánà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ o, kí bánà má ṣèèṣì yà sí ọ́físì!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́ àgbélébùú tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín o, bí ẹni pé Ẹni tí wọ́n wá sìn níbẹ̀ kò gbọ́ èdè. Ìyá Tẹ́ní náà rẹ́rìn-ín. Ó délé, kò lè jẹun, kò sì mọ ohun tó ń ṣe òun.

Ohun tó ń ṣe é fara hàn nígbà tí oṣù Kérésìmesì wọlé. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò òṣìṣẹ́, wọ́n ń fi NIN wé fáìlì. Ẹnì kan péré ni tirẹ̀ kò bára mu ní gbogbo ọ́físì wọn, ìyẹn Teslim, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ti ń ṣọ́ géètì wọn fún ọdún méjìlélógún. Fáìlì ní 1970, NIN ní 1967. Fọlárìn pe Ìyá Tẹ́ní sí ọ́físì rẹ̀.

"Madam, ẹ bá wa kọ mẹ́mò lórí Teslim," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ kó le. Age falsification. Dismissal la máa recommend, ká lè fi í kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i pé ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ nìyẹn. Thursday ni panel máa jókòó."

Dismissal yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọkùnrin náà máa lọ lọ́wọ́ òfìfo, kò ní í rí owó ìfẹ̀yìntì gbà títí láé. Ìyá Tẹ́ní sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu géètì. Teslim ń fi kẹ́tùlù kékeré ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Nígbà tó parí, ìyá náà bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Mummy, bọ̀dá mi ló bá mi dín ọdún kù nígbà tí mo ń wáṣẹ́," Teslim ní. "Èmi ò mọ̀ pé ó wúlò fún nǹkan kan. Ìgbà tí mo wá lọ gba NIN, ọmọbìnrin yẹn bi mí pé ọdún wo ni wọ́n bí mi, mo sì sọ fún un. Àbí kí n parọ́ fún un ni, Mummy?"

Òtítọ́ tí ọkùnrin yìí sọ ló mú un! Àwọn tó parọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n fi irọ́ kejì lẹ irọ́ àkọ́kọ́ kó má baà jò, àwọn ni ìwé wọn mọ́ tónítóní. Ẹni tó jẹ́wọ́ láìmọ̀ pé òun ń jẹ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ lé. Nígbà tí Fọlárìn sì pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ lọ́jọ́sí láti kọ́ wọn lọ́gbọ́n, kò sẹ́ni tó rántí pe Teslim. Ta ló ń pe ẹni tó ń ṣọ́ géètì sí ìpàdé?

Ó kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀. Ó rò pé tóun bá sọ ọ́ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run, inú á bí i, wọ́n á jọ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Pásítọ̀ gbọ́ ọ dópin, ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Mummy, Ọlọ́run mọ ọkàn yín," ó ní. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín ṣe nígbà àìmọ̀, àánú ti bò ó. Ẹ lo ọgbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀tá rí wa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sì rántí, Alàgbà ló ń bá wa kọ́ gbọ̀ngàn tuntun yẹn."

"NIN ńkọ́, sà? Èmi ni mo sọ ìyẹn."

"Ẹ lo ọgbọ́n, Mummy."

Ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun máa mú káàdì ìrìbọmi òun, tí wọ́n kọ 1964 sí, lọ sí ìpàdé náà. Olúbọ̀wálé gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo.

"Ìyá Tẹ́ní, fi ọmọ yẹn rò ó," ó ní. "Ọdún méjì ló kù fún un. Ìwọ sì ní ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ní ọ́físì yẹn. Tó bá jẹ́ pé Teslim ń ṣe ọ́ láàánú, máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Ṣé ìwọ lo máa tún Nigeria ṣe ni?"

"Bàbá Tẹ́ní, ta ló ni ọdún mẹ́rin yẹn?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ẹ sọ fún mi. Ṣé tèmi ni? Ọdún mẹ́rin tí mo fi irọ́ gé kúrò lára ọjọ́ orí mi? Ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ tẹ́ lọ́rùn, mo fẹ́ tẹ́ pásítọ̀ lọ́rùn, mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Mama Holy. Gbogbo yín lẹ ti yó. Ọlọ́run nìkan ni n kò tíì bi léèrè bóyá inú Rẹ̀ dùn."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Olúbọ̀wálé kò fi bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ, ẹ káàárọ̀ tí ọkọ ń kí ìyàwó sì wá ń dun ìyá náà ju èébú lọ.

Ọjọ́ Thursday pé. Ọkùnrin mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì ká, Fọlárìn wà láàárín. Teslim dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Wọ́n gbàdúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àní wọ́n gbàdúrà! Fọlárìn ló gbà á, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kó fi òtítọ́ darí ìjókòó náà. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, ó nawọ́ sí Ìyá Tẹ́ní.

"Madam, mẹ́mò dà?"

Ìyá Tẹ́ní gbé fáìlì méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ ti Teslim, ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ó fi káàdì ìrìbọmi kan tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ lé ti èkejì lórí.

"Mi ò kọ mẹ́mò, sà," ó ní. "Ohun tí Teslim ṣe, èmi náà ṣe é, tèmi sì burú ju tiẹ̀ lọ. Òun sọ òtítọ́ ní ibi NIN, èmi parọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésìmesì yìí ni mo máa pé ọgọ́ta ọdún, ìwé yín sì ń sọ pé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Tí ẹ bá fẹ́ lé èèyàn, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé."

Fọlárìn ní kí Teslim bọ́ síta. Lẹ́yìn náà ló yí ohùn padà, ohùn ọ̀gá kúrò lẹ́nu rẹ̀, ohùn alàgbà dé.

"Sister, kí ló dé? Ará la jẹ́ nínú Olúwa. Ẹ gbé káàdì yín, a ò rí i. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ yín."

"Alàgbà, ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa ra bánà tí wọ́n máa kọ ọgọ́ta sí fún mi," Ìyá Tẹ́ní ní. "Ẹ wá jókòó síbí, ẹ ń wá ẹni tó yí ọjọ́ orí padà. Ṣé ó dìgbà tí ẹ dé ẹnu géètì kí ẹ tó rí ẹni tó ṣe é ni? Mi ò wá sọ ti ẹnikẹ́ni níbí, sà. Gbogbo fáìlì yín ló wà lọ́dọ̀ mi, mi ò gbé ọ̀kankan wá. Tèmi ni mo wá sọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fọwọ́ tí mo fi parọ́ yìí kọ ìwé tí wọ́n máa fi lé ẹni tó sọ òtítọ́."

Ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò wojú ara wọn. Tábìlì ni wọ́n ń wò, bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n nígbà tó bá jẹ́ pé ẹ̀tẹ̀ ló jókòó sórí àga ìdájọ́, làpálàpá nìkan ni wọ́n á máa rí pa. Ọ̀kan nínú wọn wá wú ikọ́, ó ní ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà gba sùúrù. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni, ó gba sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé tú ká.

Teslim padà sẹ́nu géètì rẹ̀. Wọ́n tún ọdún tó wà nínú fáìlì rẹ̀ ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ kan ṣoṣo. Ìyá Tẹ́ní ni wọ́n wá yíjú sí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwé ti dé bá a lórí tábìlì pé kí iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́jọ́ tó bá pé ọgọ́ta, pé wọ́n á sì dá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dúró títí ìwádìí á fi parí. Wọn ò dárúkọ ọjọ́ tí ìwádìí máa parí. Àwọn tó ń pè é ní Mama Holy ń gba ọ̀nà míì tí wọ́n bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ọjọ́ tó kẹ́yìn, òun nìkan ló palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́. Teslim ló gbé ẹrù rẹ̀ dé etí títì, ó ń sunkún bí ọmọdé. Fọlárìn ṣì wà lórí àga rẹ̀ títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ku ọdún mẹ́ta fún un.

Ti ọ́físì ṣì ṣeé gbọ́. Àwọn aláìgbàgbọ́ pọ̀ níbẹ̀, a lè ní wọn ò mọ̀ ọ́n. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ẹgbẹ́ obìnrin ṣèpàdé láì pe Ìyá Tẹ́ní, Ìyá Tóbi sì sọ níbẹ̀ pé ẹni tó dójú ti alàgbà níwájú àwọn ará ayé kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bá dúpẹ́. Wọ́n fagi lé ìdúpẹ́ náà. Pásítọ̀ wàásù lórí àwọn tó ń ṣe òdodo àṣejù, kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ìjókòó kẹta tí Ìyá Tẹ́ní wà ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kò bi í pé báwo ni Tẹ́ní ṣe máa ṣe é tó fi máa parí ilé ìwé rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ni wọ́n o! Àwọn tó ń fi orin sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé àwọn ti fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún Jésù. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké, ọjà náà sì wá di inú ilé Ọlọ́run.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé Kérésìmesì, Ìyá Tẹ́ní wọ bùbá àti ìró aláwọ̀ àwọ̀sánmà tó ti fọ̀ sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó tẹ̀ lé òun. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá Olúbọ̀wálé tó ti wọ agbádá tó fi gbéyàwó, tó ti fún un díẹ̀ níkùn.

"Mo ti bá àwọn kan ní Àjàó sọ̀rọ̀," Olúbọ̀wálé ní. "Màá máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Tẹ́ní á jáde. Jẹ́ ká lọ dúpẹ́."

Ìyá Tẹ́ní di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kí omi ojú òun bọ́ títí wọ́n fi dé Máfolúkù. Kò sí bánà kankan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba fọ́ọ̀mù ìdúpẹ́ bí àwọn yòókù, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí sí i, ó fi í ránṣẹ́. Nígbà tí àsìkò tó, Ọmọ́bọ́lájí, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ka fọ́ọ̀mù, dé orí tirẹ̀. Ó wo ìjókòó àwọn alàgbà. Ó fọwọ́ bo gbohùngbohùn, ó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ìyá náà jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀.

"Mummy, ẹ má bínú," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé kí n kàn pe orúkọ yín lásán ni, àbí kí n dárúkọ ọjọ́ orí? Èwo nínú méjèèjì la máa pè?"

"Ọ̀kan ni mo ní, ọmọ mi," Ìyá Tẹ́ní dáhùn. "Pè é."

Ó pe ọgọ́ta. Àwọn akọrin ń wojú Alàgbà Fọlárìn kí wọ́n tó dá orin. Ìyá Tẹ́ní kò dúró dè wọ́n, ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá a.